Ọmọ mi fẹ́ wo Descendants: kí ló yẹ kí òbí mọ̀ kó tó gbà fún un?

Màmá_Àbíkẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún 12, kò sì jẹ́ kí n gbádùn mọ́ nítorí Descendants, fíìmù Disney tí wọ́n ti ń kọrin tí wọ́n sì ń jó yẹn. Ó ní gbogbo ọ̀rẹ́ òun ló ti wò ó, òun nìkan ló kù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, ti ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá wò ó, òun náà á wò ó ni.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. TV-G ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ni pé tọmọdé tàgbà ló lè wò ó. Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé ọmọ àwọn àjẹ́ àti ìkà ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá eré, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń gbé ìwé ògèdè rìn kiri. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹni tó bá ti wò ó látòkè délẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Kí ló wà níbẹ̀? Ibo ló yẹ kí n ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn?

Ìyá_Ìbejì

Èmi ti wò ó kọjá bó ṣe yẹ kí àgbàlagbà wò ó. Àwọn ìbejì mi ò fún mi nísinmi.

Ìtàn náà rèé. Àwọn ìlú inú àwọn ìtàn àtijọ́ parapọ̀, wọ́n di ìjọba kan tó ń jẹ́ Auradon. Beast ni ọba, Belle ni ayaba. Wọ́n wá kó gbogbo ìkà inú ìtàn lọ sí erékùṣù kan, wọ́n fi idán sé e mọ́ wọn, idán tiwọn ò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ìkà yìí bímọ síbẹ̀. Ben, ọmọ ọba tí wọ́n fẹ́ fi jọba, wá sọ pé àṣẹ àkọ́kọ́ tí òun máa pa ni pé kí wọ́n mú mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà wá sí ilé-ìwé àwọn: Mal ọmọ Maleficent, Evie ọmọ Evil Queen, Carlos ọmọ Cruella de Vil, àti Jay ọmọ Jafar. Maleficent rán Mal níṣẹ́ kó tó lọ: kó jí ọ̀pá idán Fairy Godmother, ọ̀gá ilé-ìwé náà, wá, kí àwọn lè bọ́, kí àwọn sì gba ayé.

Bí Mal ṣe ń ṣe iṣẹ́ ìyá rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ sì ń yí padà ni gbogbo fíìmù náà.

Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìhòòhò, kò sí ìsọkúsọ. Ìfẹ́ inú rẹ̀ kò kọjá ohun tí ẹ lè jókòó ti ìyá ọkọ yín wò. Níbi ìwúyè Ben lápá ìparí ni Maleficent ti di dírágónì, tí ojú rẹ̀ ń tàn yòò bí iná. Ìyẹn ni ọmọ ọdún 6 lè fi lálàá.

Ẹlẹ́nu_Dídùn

Ẹ̀yin ẹ ṣì ń bi ara yín bóyá kí ẹ wò ó. Orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu mi láti àárọ̀, ọmọ tèmi sì ti dàgbà kúrò nílé!

Bàbá_Àgbà

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, bí kò tilẹ̀ dùn létí.

Èmi ò bẹ̀rù idán. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe idán inú fíìmù. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo fíìmù ọ̀dọ́langba ayé ìsinsìnyí ló sọ òbí di ọ̀tá. Òbí á máa pariwo, ọmọ á gbọ́n jù ú lọ, nígbẹ̀yìn ọmọ á borí, àwọn èrò á pàtẹ́wọ́. Nínú èyí tí ẹ ń sọ yìí, ọmọ ló dojú kọ ìyá rẹ̀ ní gbangba, níwájú ọba àti ìjòyè, tí ìyá sì di alángbá. Ọmọ ọdún 12 sì rèé, ọjọ́ orí tí ọmọ ti ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé 'ẹ ò lóye mi'. Ṣé fíìmù ló kù tí ẹ máa fi tì í lẹ́yìn?

Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: ohun tí ewúrẹ́ bá ń jẹ ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Ta ló wá sọ fún Disney pé ọmọ ìkà kan á kàn dédé di ẹni rere lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan nílé-ìwé?

Ìyá_Ìbejì

Bàbá, ẹ ò purọ́, ó di alángbá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fo ìdí rẹ̀. Mal fúnra rẹ̀ béèrè bóyá òun lòun ṣe ìyá òun báyìí, Fairy Godmother sì sọ fún un pé rárá, ìyá rẹ̀ ló ṣe ara rẹ̀: ó kéré títí ó fi tó ìwọ̀n ìfẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ náà tún béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló máa wà títí láé. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti kọ́ bí a ṣe ń nífẹ̀ẹ́, ìyá náà lè kọ́ ọ. Ọmọ tó ń yọ̀ pé òun borí ìyá òun kò ní béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní ti ewúrẹ́ yín, òwe yẹn gan-an ni gbogbo ará Auradon ń pa. Ìyá àgbà Audrey (Audrey ni ọmọ Sleeping Beauty, ẹni tí Maleficent ṣépè fún nígbà kan) rí Mal lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá sílé-ìwé, ó kàn wo ojú rẹ̀, Maleficent ló rí. Ọmọbìnrin náà ò tíì ṣẹ̀ ẹ́ o. Inú pápá kan náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo ẹni tó ti ń kí wọn tẹ́lẹ̀ yí ẹ̀yìn sí wọn.

Olùkọ́_Orin

Ọmọ làwa ń kọ́ lórin níbi iṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gba ojú ọ̀nà orin wọlé. Èmi gbà pé inú orin ni òbí ti máa rí ohun tó ń wá.

Kenny Ortega ló darí fíìmù náà, òun kan náà tó darí High School Musical ní 2006. Oníjó ni kó tó di olùdarí fíìmù, ẹ óò sì rí i: ara ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, ẹnu tẹ̀ lé e. Nínú orin àkọ́kọ́, àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ń gun ògiri, wọ́n ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n ń fọ́nnu pé àwọn ti bàjẹ́ dé eegun. Ọmọ yín á kọ ọ́ káàkiri ilé. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ kàn wo ojú wọn nígbà tí orin náà parí tí Maleficent yọ sí wọn. Gbogbo ìhàlẹ̀ yẹn ló fò lọ, tí wọ́n di ọmọdé.

Orin tó yẹ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa ni ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ọmọ náà yọ́ wọ ibẹ̀ lóru láti lọ jí ọ̀pá idán, Mal wá rí ère ìyá rẹ̀ láàárín ère àwọn ìkà yòókù. Ère náà jí lójú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Kristin Chenoweth ló ṣe Maleficent, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe Glinda nínú Wicked lórí ìtàgé Broadway ní 2003, ẹ mọ̀ pé ohùn ò wọ́n an. Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń jó, ẹ̀rín á pa ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé: mo lè fẹ́ràn rẹ, bí o bá ti dà bí èmi. Ó ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Mal sì ń wò ó bí ẹni tí ebi ń pa tó rí oúnjẹ.

Nígbà tó yá, Mal jókòó sétí adágún odò, Ben ń wẹ̀, òun nìkan wá kọrin jẹ́jẹ́ nípa bí òun ò ṣe mọ ohùn tí òun máa gbọ́ mọ́ nínú ohùn méjì tó ń pè òun. Kò sí ijó rárá. Nínú fíìmù tí wọ́n ti ń jó lórí tábìlì, wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà jókòó. Ní tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ 'ta ni mí' tó ń dààmú àwọn ọ̀dọ́langba wà, kò sí nínú ìjà dírágónì.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì

Olùkọ́, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí èmi mú ìyàrá ìdáná wọ̀ ọ́, nítorí ohun méjì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu kàn.

Mal fẹ́ súnmọ́ ọ̀pá idán náà níbi ìwúyè. Ọ̀nà tó rí ni pé kó di àfẹ́sọ́nà Ben. Ó wá ń po bisikíìtì tó ní oògùn ìfẹ́ nínú. Gbogbo èlò ti pé àfi ẹ̀kan: omijé ìbànújẹ́ ẹ̀dá èèyàn. Mal ò sì lè sunkún. Lonnie, ọmọ Mulan, wá ṣèèṣì wọlé. Ó rò pé bisikíìtì lásán ni wọ́n ń ṣe. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìyá ṣe máa ń ṣe é fún èèyàn nígbà tí inú èèyàn ò bá dùn, tó máa ń gbóná, tí ìyá á sì pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ń wò ó, kò yé wọn. Lonnie wá dákẹ́. Ó ní òun rò pé àwọn ìkà náà máa ń fẹ́ràn ọmọ wọn ni. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Mal nawọ́, ó fi ìka nu ún, ó sì gbọ̀n ọ́n sínú àwo.

Màmá_Àbíkẹ́yìn, bí ẹ bá fẹ́ wà níbì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni kí ẹ wà. Kì í ṣe pé ó léwu. Àwọn ọmọ kan ní ilé-ìwé ọmọ yín náà ń wo Lonnie báyẹn bó ti ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ọmọ yín sì lè má tíì mọ̀.

Ohun kejì ni bisikíìtì náà. Ben jẹ ẹ́ láìmọ̀, ó sì ń kọrin ìfẹ́ níwájú gbogbo ilé-ìwé. Fíìmù ṣe é bí àwàdà. Lẹ́yìn náà Ben ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé omi adágún ti fọ oògùn náà kúrò lára òun, kò sì sí ìkùnsínú kankan. Ẹ yí i padà: kó jẹ́ ọmọkùnrin ló fi nǹkan sínú oúnjẹ ọmọbìnrin kó lè fẹ́ ẹ. Ṣé a máa rẹ́rìn-ín? Mo ní kí ọmọkùnrin mi sọ èrò rẹ̀ nípa ìyẹn, ẹnu ya òun fúnra rẹ̀. Èmi ò ní kí ẹ má wò ó nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n TV-G ò lè bá yín sọ ọ́ fún ọmọ yín pé ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ kì í yọ́ nǹkan sí ọ lẹ́nu.

Mọ́gàjí

Àǹtí, ẹ ò rò pé ẹ ti ń wá ẹran sínú ewébẹ̀ báyìí? Ìtàn àròsọ ni. Oògùn ìfẹ́ ti wà nínú ìtàn kí wọ́n tó bí wa.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì

Ó ti wà lóòótọ́, àbúrò. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí a bá wọn sọ ọ́, n kò ní kí a gé e kúrò. Ọmọ ọdún 6 ò nílò ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ ọdún 12 nílò rẹ̀.

Màmá_Àbíkẹ́yìn

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè idán ni mo bá wọlé, ẹ ti kó mi lọ síbòmíràn pátápátá.

Ẹ tún bá mi dáhùn èyí. Mo kà á níbì kan pé Evie máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́n. Ṣé lóòótọ́ ni? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ọmọ mi mọ ìṣirò dáadáa, èmi ló ń bá ṣe iṣẹ́ ilé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, mo gbọ́ tó ń sọ pé 'kò yé èmi náà o, mo kàn ń dá a ṣe ni'. N kò dá sí i. Ó kàn ń jẹ mí lọ́kàn.

Ọmọ_Ọdún17

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo mọ̀ pé ojú-òpó àwọn òbí nìyí, ẹ má bínú pé mo já lù yín. Mọ́mì mi ló fi hàn mí.

Lóòótọ́ ni, mà. Ìyá Evie ti kọ́ ọ pé ẹwà ni kó tọ́jú, kó fi wá ọmọ ọba. Ó ní dígí kékeré kan tó máa ń sọ ìdáhùn fún un, òun ló fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Chad, ọmọ Cinderella, rí i pé ó mọ nǹkan, ó gbé ìwé tirẹ̀ náà fún un kó bá òun ṣe é, ó sì gbà nítorí pé ọmọ ọba ni. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Doug, ọmọ Dopey, tó ti rí i pé orí rẹ̀ pé láìsí dígí. Ìgbà tí wọ́n gba dígí náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe ìdánwò fúnra rẹ̀, ó sì yege. Inú rẹ̀ dùn sí i ju gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ. Ọmọ yín máa rí ara rẹ̀ níbẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wò ó lójú nígbà tó bá débẹ̀. Ó máa mọ̀.

Ṣùgbọ́n Mal àti Evie kọ́ ló mú mi lọ́kàn jù nígbà tí mo wò ó. Jane ni. Ọmọ Fairy Godmother ni, ìyá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní ọ̀pá idán, kò sì gbà láti fi sọ ọmọ rẹ̀ di arẹwà. Ó ní ẹwà inú ló ṣe pàtàkì. (Gbogbo ìyá ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀!) Mal fi ògèdè tún irun rẹ̀ ṣe, inú rẹ̀ dùn, ó tún ń fẹ́ sí i. Nígbà tí Jane bá àwọn tó ń fi Mal ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ́rìn-ín, Mal gba irun náà padà lójú gbogbo èèyàn.

Ta ló wá já ọ̀pá idán gbà níbi ìwúyè, tí ògiri idán tó sé erékùṣù náà fi ya, tí Maleficent fi rí àyè jáde? Jane ni. Kì í ṣe ọmọ ìkà kankan. Ọmọ rere tó rò pé òun ò rẹwà ni. Ó ní bí ìyá òun ò bá sọ òun di arẹwà, òun á ṣe é fúnra òun. Mi ò tíì gbọ́ kí òbí kankan sọ̀rọ̀ nípa èyí rí.

Olùkọ́_Orin

Ọmọ yìí, o ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, ojú Mal ni mo ń wò.

Bàbá_Àgbà

Ọ̀rọ̀ Jane yìí wọ̀ mí létí. Ó dára, ọmọ mi, o káre.

Síbẹ̀ n kò tíì gbà tán. Ìyá tó ní ẹwà inú ló ṣe pàtàkì, òótọ́ ló sọ. Kí ni kò tọ́ nínú ohun tó ṣe? Ẹ tún jẹ́ kí n béèrè: níbo ni bàbá Mal wà? Ìyá nìkan ni mo ń gbọ́. Bàbá náà ò lóhùn, kò lójú, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Ọmọ_Ọdún17

Òótọ́ ló sọ, bàbá. Àmọ́ ó sọ ọ́ ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Jane ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú irun tí kò fẹ́. Bóyá ká ní ó bi í pé ta ló sọ fún un pé kò rẹwà.

Alámòójútó

Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè bàbá Mal, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ kí ẹ tó sọ ọ́. Àwọn kan ò tíì wo ìkẹta nínú àwọn fíìmù Descendants.

Ìyá_Ìbejì

ÌKÌLỌ̀ RÈÉ: ẹni tí kò bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìkejì àti ìkẹta kó fo èyí.

Bàbá, Hades ni bàbá rẹ̀. Inú ìkẹta, tó jáde ní 2019, ló ti yọjú. Òun àti Mal kọrin ìjà tó le gan-an, ọmọ ń bi í pé ibo lo wà nígbà tí mò ń dàgbà, bàbá ń ṣàwáwí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń dá ọmọ tọ́, tàbí tí bàbá ọmọ ò sí nítòsí, kí ó kọ́kọ́ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó gbé e sílẹ̀ fún ọmọ. Ó dùn lórin, ó sì lè dá ọgbẹ́.

Ìkejì, ti 2017, ló sún mọ́ ọmọ ọdún 12 jù lójú tèmi. Gbogbo ìlú ti gba Mal báyìí, àwọn oníròyìn ń tẹ̀ lé e, ó ti kun irun rẹ̀ kó lè jọ ọmọ-ọba obìnrin, ó sì ń fi ìwé ògèdè ṣe gbogbo nǹkan kó má baà ṣàṣìṣe. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sá padà sí erékùṣù. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń ṣe ara kan nílé-ìwé tó ń ṣe ara mìíràn nílé á mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 6 á sùn níbẹ̀.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì

Nígbà tí ẹ ti mẹ́nu kan ìkẹta, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí àwọn ọmọ yín máa rí i lórí fóònù.

Cameron Boyce, ọmọkùnrin tó ṣe Carlos, kú ní July 6, 2019, lẹ́ni ọdún 20. Wárápá ló gbé e lójú oorun. Ìkẹta jáde ní August 2, oṣù kan ò tíì pé, wọ́n sì fi ṣe ìrántí rẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ràn Carlos, tó sì lọ wá orúkọ òṣèré náà, ohun àkọ́kọ́ tó máa rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí ó tó rí i.

Ẹ bá mi fi kún un fún wọn pé wárápá kì í ràn. Itọ́ ẹni tó ń ṣe kì í ràn, fífọwọ́ kàn án kì í ràn. Bó bá mú ẹnì kan níṣojú wọn, kí wọ́n kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kí wọ́n fi nǹkan rọ̀ọ̀rọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí wọ́n má dì í mọ́lẹ̀, kí wọ́n má sì ti ṣíbí tàbí ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bó bá ti dáwọ́ dúró, kí wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n pe àwọn oníṣègùn pàjáwìrì. Mo mọ̀ pé mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe é ń bẹ láàárín wọn ní kíláàsì, àwọn yòókù ò sì ní bá a jẹun pọ̀.

Mọ́gàjí

Èyí kò yà kúrò lójú ọ̀nà rárá, Àǹtí. Ẹ ṣeun.

Ẹlẹ́nu_Dídùn

Carlos ni tèmi náà. Ìyá rẹ̀ ti fi ìtàn ajá dẹ́rù bà á débi pé nígbà tó rí ajá ilé-ìwé yẹn, orí igi ló sá gùn. Ben gbé ajá náà lé e lọ́wọ́, ó rí i pé ajá lásán ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìran yẹn, mo sì rò pé òun ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀.

Màmá_Àbíkẹ́yìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìmúrasílẹ̀. Ìbéèrè tó kù: báwo ni kí n ṣe bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí kò ní dà bíi pé mò ń wàásù? Tí mo bá la ẹnu báyìí, ó ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Ọmọ_Ọdún17

Mo lè dáhùn èyí!

Ẹ má dá fíìmù dúró láàárín. Ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ohun tó ń bí wa nínú tó ìyẹn. Ẹ má sì béèrè 'kí lo rí kọ́'. Ẹ bi í pé ta ló máa fẹ́ bá ṣọ̀rẹ́ nínú gbogbo wọn, tàbí ta ló bí i nínú jù. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá jọ ń ṣe nǹkan mìíràn, bíi kí ẹ jọ máa fọ àwo, tí kò ní wò yín lójú. Bó bá ní Chad ló bí òun nínú jù, ẹ ti rí ẹnu ọ̀nà sí ọ̀rọ̀ ìṣirò yẹn. Bó bá sì ní Maleficent ni, ẹ má jiyàn o. Ẹ kàn béèrè ìdí.

Bàbá_Àgbà

Ká máa fọ àwo ká tó lè bá ọmọ ẹni sọ̀rọ̀. Ó dáa náà.

Olùkọ́_Orin

Bàbá, mo rò pé mo mọ èyí tó máa bá yín lára mu nínú gbogbo wọn. Òmíràn jáde ní 2024, ìran mìíràn ló wà nínú rẹ̀. Jennifer Phang ló darí ìyẹn, kì í ṣe Ortega mọ́. Red, ọmọ Queen of Hearts, àti Chloe, ọmọ Cinderella, gba aago idán kan padà sí ìgbà tí àwọn ìyá wọn fúnra wọn wà nílé-ìwé. Red bá ìyá rẹ̀ pàdé níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin oníwà tútù tí kò lè pa eṣinṣin, ó sì rí bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀. Ẹ ní fíìmù ń sọ òbí di ọ̀tá. Nínú èyí, ọmọ lọ rí ohun tó sọ òbí rẹ̀ dà bó ṣe dà.

Bàbá_Àgbà

Èyí ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún mi. Ṣé mo gbọ́dọ̀ wo mẹ́ta ìṣáájú kí n tó lóye rẹ̀? Ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún 13 ni, kì í bá mi sọ ju 'ẹ kú àárọ̀' lọ.

Olùkọ́_Orin

Kò pọn dandan, sà. Descendants: The Rise of Red ni àkọlé rẹ̀, orí Disney+ ló wà.

Màmá_Àbíkẹ́yìn

A máa wo àkọ́kọ́ ní Sátidé yìí. Ìyá_Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni n ṣe máa mọ̀ pé dírágónì ti ń bọ̀ kí n tó gbé àbíkẹ́yìn kúrò níbẹ̀?

Ìyá_Ìbejì

Nígbà tí wọ́n bá ti gbé adé lé Ben lórí, ẹ ní kó bá yín mú omi wá láti yàrá ìdáná. Ẹ bá a lọ, kí ẹ sì rọra máa rìn. Tí ẹ bá gbọ́ tí orin ijó bẹ̀rẹ̀, ẹ lè gbé e padà wá, torí orin ìparí yẹn kò gbọ́dọ̀ fo ọmọ ọdún 6 rárá.